Bàtà wo ló yẹ fún ìrìn Sátidé nínú oòrùn Èkó?

Ìyá Ìbejì Èbúté-Mẹ́ta kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ó ti tó oṣù méjì tí èmi àti àwọn obìnrin méje kan ládùúgbò wa ti ń rìn ní àràárọ̀ Sátidé. A ó gbéra láti Ọ̀yìngbò, a ó gba Ìdó gun afárá Carter, a ó sọ̀ sí Ìdúmọ̀tà, a ó sì gba Broad Street títí dé pápá Tafawa Balewa kí a tó wọ ọkọ̀ padà sílé. Bí a bá tètè jáde, kò yẹ kó ju agogo mẹ́jọ lọ kí a tó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́jọ kì í tètè jáde, ẹ̀yin náà sì mọ bí oòrùn Èkó ṣe máa ń mú nínú oṣù Kejì bí agogo mẹ́sàn-án bá ti lù.

Bàtà tí mo ń wọ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn ìrìn náà mọ́. Kánfáàsì dúdú kan ni, ara rẹ̀ dà bí awọ ṣùgbọ́n rọ́bà ni, mo sì rà á nítorí pé ó rọrùn láti nù. Kí a tó dé àárín afárá, ẹsẹ̀ mi á ti máa gbóná bí ẹni pé mo ki ẹsẹ̀ bọ inú omi ẹ̀kọ gbígbóná. Bí mo bá sì bọ́ ọ nílé, ńṣe ni mo máa ń fún omi lára ìbọ̀sẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, iléròrò méjì yọ sí mi ní gìgísẹ̀, èékánná ìka kékeré sì dúdú. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní bàtà náà kò tíì mọ ẹsẹ̀ mi ni. Ẹni ọdún 49 ni mí, mo sanra díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì pẹlẹbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, irú bàtà wo ni kí n wá, kí ni kí n sì máa yẹ̀ wò lára rẹ̀ kí n tó sanwó? Owó ọwọ́ mi kò ju ₦25,000 lọ.

Asáré Àkókà fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, ẹ kú ìrìn. Ohun tí òǹtajà yẹn sọ kò tọ̀nà rárá. Bàtà tó bá máa bá ẹsẹ̀ mu, láti inú ìsọ̀ ni yóò ti bá a mu. Mo ti sá eré máràtọ́ọ̀nù ti Èkó lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 2016, kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ láti pápá ìṣeré Ṣùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, ohun tí ojú mi sì rí lórí afárá Third Mainland nígbà àkọ́kọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà wọ́n, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó fún mi pinpin, kí n sì tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá náà, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹsẹ̀ máa ń wú. Bí a bá jí láàárọ̀, ó kéré. Bí a bá ti ń dúró, tí a ń rìn, tí ooru sì ń mú wa, yóò máa fẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ ra bàtà láàárọ̀. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn kiri díẹ̀, kí ẹ sì mú irú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa wọ̀ sí i dání. Ẹ wọ ti ọ̀tún àti ti òsì, nítorí ẹsẹ̀ kan máa ń tóbi ju èkejì lọ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tó tóbi ni kí ẹ sì fi ra bàtà. Ẹ dìde dúró nínú rẹ̀. Àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù, tí kì í sì í ṣe àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Gìgísẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ máa yọ sókè bí ẹ bá ń rìn: iwájú ni kó láyè, ẹ̀yìn ni kó di ẹsẹ̀ mú.

Ní ti ooru, ara bàtà náà ni kí ẹ wò. Èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, tí àwọn òǹtajà ń pè ní nẹ́ẹ̀tì, ni ẹ ó wá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ àwọ̀n ló ń gba afẹ́fẹ́ sínú. Àwọn kan wà tó jẹ́ àwọ̀n lóde nìkan, tí fóòmù àti ọ̀rá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà, kí ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn; bí ẹ bá rí ìka yín tó ń rìn nínú rẹ̀ láti òde, ó dára. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i láti òde, kí ẹ wò ó bóyá ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára. Òǹtajà á máa wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, kò burú.

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àfojúsùn. Èmi kò tilẹ̀ mọ ìdí tí ẹ fi ń fi aṣọ di ẹsẹ̀ nínú irú oòrùn báyìí. Nígbà tí a wà léwe, láti Ìta Fàájì ni a ti ń rìn lọ sí Ọbáléńdé pẹ̀lú sálúbàtà aláwọ, iléròrò kò sì yọ sí wa lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí afẹ́fẹ́.

Ọmọ Ìgbàlódé Yábàá fèsì pé:

Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Èmi gan-an tilẹ̀ fẹ́ béèrè pé ṣé bàtà pọn dandan ni. Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia, sá máràtọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960 láìwọ bàtà, ó sì gba wúrà.

Aláránbàtà Muṣin fèsì pé:

Ó gba wúrà lóòótọ́. Bàtà ló sì wọ̀ nígbà tó tún gbà á ní Tokyo lọ́dún 1964. Àbúrò, òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú títì Róòmù kò jọ ọ̀dà Ìdúmọ̀tà, níbi tí ìgò fífọ́, ìṣó àti ọmọrí mínírà ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, àgàgà bí oòrùn bá ti ta á gbóná.

Màmá Ìsàlẹ̀ Èkó, mo foríbalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán. Sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tó ní okùn lórí ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn, dára fún ìrìn, pàápàá fún ẹni tí ìka rẹ̀ máa ń rin. Èyí tí n kò fẹ́ ni sílípáàsì tí a ń fi ìka méjì mú, nítorí pé ẹsẹ̀ yóò máa háragàgà láti dì í mú ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ àti ti ojúgun á sì máa ro ènìyàn lálẹ́. Ti Ìyá Ìbejì wá yàtọ̀: wọ́n sanra díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ, afárá ni wọ́n sì ń gùn tí wọ́n ń sọ̀. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni mo fẹ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀ ẹ́ lójú, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bí ẹ bá mú bàtà lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìka méjì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí gìgísẹ̀ máa ń wà. Bó bá wó lulẹ̀ bí fìlà gọ̀bì, ẹ dá a padà. Ẹ wá di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi tí ìka ti pàdé àtẹ́lẹsẹ̀ ló yẹ kó ti kán, níbi tí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń kán bí a bá ń rìn. Èyí tó bá kán láàárín, kò lè gbé ènìyàn dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀. Ó lè yí díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá lọ́ pọ̀ bí àkísà, ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ kò gbọdọ̀ rà á.

Ìyá Ìbejì, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kì í ṣe àrùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní i tí nǹkan kan kò ro wọ́n. Kí ẹ lè mọ bó ṣe pẹlẹbẹ tó, ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi, kí ẹ tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, kí ẹ sì wo ipa rẹ̀. Bí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá hàn láìsí ibi tó tẹ̀ wọlé lápá inú, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín máa ń fẹ́ wó sápá inú bí ẹ bá ń rìn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí fóòmù rẹ̀ sì le díẹ̀ lápá inú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó rọ̀ bí tìmùtìmù fún yín pé òun ló tura. Yóò tura nínú ìsọ̀. Lórí afárá Carter, ẹsẹ̀ á máa rì sínú rẹ̀ ni.

Ìdánwò kan tún wà tí àwọn oníbàárà mi kì í mọ̀. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà náà jáde, kí ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì dúró lé e. Bí ara ẹsẹ̀ yín bá yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàtà náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù, bó ti wù kó gùn tó. Mo gbà pé ohun tó pa ìka kékeré yín nìyẹn.

Ní ₦25,000, òkìríkà ni ẹ máa rà, n kò sì rí àbùkù níbẹ̀, nítorí pé òkìríkà tó jẹ́ ojúlówó sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ orí. Fóòmù tí wọ́n ń pè ní PU ní àìsàn kan: ọ̀rinrin àti ooru máa ń jẹ ẹ́ láti inú, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́. Bàtà tó ti pẹ́ nínú páálí lè máa dán bí tuntun, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́ jáde. Wọ́n gbé irú rẹ̀ kan wá fún mi lọ́jọ́sí pé kí n bá wọn rán an. Ibi tí mo bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀, ó ń dà sílẹ̀ bí gàrí. Èyí tí wọ́n ń pè ní EVA kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, yóò pẹlẹbẹ, kò sì ní í ta padà mọ́. Nítorí náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà dáadáa, kó ta padà. Ẹ wò ó bóyá ó ti hunjọ bí ojú arúgbó. Ẹ gbé bàtà méjèèjì sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀yìn: bí ọ̀kan bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti fi ìrìn tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ kò sì lè lé e jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é sára àkọlé kékeré tó wà lábẹ́ ahọ́n bàtà.

Lórí àkọlé yẹn kan náà, ẹ máa rí UK, US àti EU, tí nọ́ńbà wọn kò dọ́gba. Èyí tí mo fẹ́ràn ni CM (sẹ̀ǹtímítà) tàbí JP (ti Japan), nítorí gígùn ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri nílé, kí ẹ fi rúlà wọn ẹsẹ̀ yín dé orí ìka tó gùn jù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fóònù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àmọ́ wíwọ̀ ni yóò parí ẹjọ́.

Nọ́ọ̀sì Ṣùúrùlérè fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá aláránbàtà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ara ènìyàn wá díẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ bẹ́ iléròrò yẹn o. Awọ tó bò ó ló ń dáàbò bò ó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi báńdéèjì bò ó, kí ẹ sì sinmi ìrìn títí yóò fi gbẹ. Ọ̀rinrin àti bí bàtà ṣe ń ha ẹsẹ̀ ló ń fà á, ìdí nìyẹn tí ìbọ̀sẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó bàtà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé òwú gidi ló dára jù nínú ooru, ṣùgbọ́n òwú máa ń fa òógùn mu, kò sì ní í jẹ́ kó lọ. Èyí tí wọ́n fi poliẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù hun máa ń yára gbẹ, ó sì sàn fún ẹni tó ń rìn. Ẹ fi básílíìnì díẹ̀ pa gìgísẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ìka kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá dé, ẹ má ṣe ti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn tó ti pẹ́ bọ inú rẹ̀ kó lè fa omi, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, lábẹ́ ibòji. Bí àárín ìka ẹsẹ̀ bá ń yún, tó funfun, tó ń bó, kòkòrò ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, ẹ lọ gba oògùn rẹ̀ kó tó ràn dé èékánná. Ẹ sì máa nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é kò pọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú obìnrin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àìsàn náà lè mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí egbò wà níbẹ̀ kí ènìyàn má mọ̀. Mo ti bọ́ bàtà ìyá kan rí tí ọmọrí mínírà wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti wọ bàtà náà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọrí náà sì ti ya òrùka yípo sí wọn lábẹ́ gìgísẹ̀, ìyá ń bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní tiwọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà, kó fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́, kó má ṣe rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé, kó sì máa wọ bàtà tuntun fún wákàtí kan tàbí méjì lákọ̀ọ́kọ́ kó tó fi rìn jìnnà. Sálúbàtà tí Màmá sọ kò yẹ fún un.

Awọnlẹ̀ Ajah fèsì pé:

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí náà: ẹ má ra bàtà tí wọ́n ní omi kò lè wọ̀, bí kò bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló fipá mú yín. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ń ṣe, mo sì ra ọ̀kan lówó gọbọi. Ohun tó ń dí omi òde lọ́nà ń ṣèdíwọ́ fún òógùn inú pẹ̀lú, ẹsẹ̀ mi sì ń sè nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí àgbàrá wá dé, omi gba ẹnu bàtà wọlé láti òkè, kò sì rí ibi jáde mọ́. Mo ń rìn, ó ń dún ṣọ̀kọ̀ṣọ̀kọ̀ títí mo fi délé. Bàtà aláwọ̀n á rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi á ṣàn kúrò nínú rẹ̀, á sì gbẹ. Ó tún ku ti yanrìn etí òkun o, yóò gba inú ihò àwọ̀n wọlé, kò sí bí a ṣe lè ṣe é.

Ìyá Ìbejì Èbúté-Mẹ́ta fèsì pé:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú mi. Mo dúró kí iléròrò náà gbẹ, mo sì lọ sí Yábàá ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti wọn ẹsẹ̀ nílé: ti ọ̀tún jẹ́ 25, ti òsì jẹ́ 25.5, mo sì ti ń wọ bàtà láti kékeré láìmọ̀ pé wọn kò dọ́gba. Èyí àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin náà gbé fún mi, mo fún un bí aṣọ, ó lọ́ pọ̀. Èkejì, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kẹta sókè sí oòrùn tí mo ń jo ìka mi nínú rẹ̀, ọmọkùnrin náà pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó wá wo ìyá tó ń wo fíìmù nínú bàtà. Òun náà ló sì kù tí mo rà. Ó pè é ní ₦24,000, a jọ parí rẹ̀ sí ₦18,000, mo sì fi lára ìyókù ra ìbọ̀sẹ̀ méjì. Àwọ̀ rẹ̀ kò wù mí, àwọ̀ ewé ni, okùn rẹ̀ sì pupa, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé àwọ̀ ni mo wá lọ.

A rìn ní àná. Ìbọ̀sẹ̀ rin díẹ̀, n kò sì rí omi fún lára rẹ̀. Gìgísẹ̀ kò bó. Ohun kan ṣoṣo ni pé orí ẹsẹ̀ ọ̀tún, níbi tí okùn ti kọjá lórí egungun tó yọ sókè, bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí láti Tinúbu.

Aláránbàtà Muṣin fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọgbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀bi bàtà ni ìyẹn. Ẹ tú okùn náà dé ibi egungun yẹn, kí ẹ má ṣe fi sọdá lórí rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọ ihò tó tẹ̀ lé e, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ tó máa fi sọdá lọ sókè bó ṣe wà. Bí gìgísẹ̀ bá tú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ lo ihò kékeré tó kẹ́yìn lókè pátápátá, èyí tí ènìyàn kì í lò, ìdí tí wọ́n fi dá a síbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Èbúté-Mẹ́ta fèsì pé:

Mo ti ṣe é, mo sì fi lọ ra ata ní Ọ̀yìngbò, kò dùn mí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ìtọ̀ ṣúgà, mo ti ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sí wọn létí, wọ́n sì ní kí n bá àwọn náà dé Yábàá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.